Ewé Ogójì

Arínọlá, gba ìwé yìí. Ewé ogójì ni.
Mo rà á ní Sápọ́n lánàá, owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì.
Má ṣe ìṣirò sínú rẹ̀. Má kọ àkọ́sórí sí i.
Má sì jẹ́ kí Ṣóbándé àbúrò rẹ fi ya mọ́tò.
Tìrẹ ni. Ewì ni kí o máa kọ sí i.

O ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni màá kọ? Mi ò rí nǹkan kan."
Mo bojú wo ìta láti ojú fèrèsé wa ní Ìtòkò:
àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ń tẹ̀lé ara wọn sọ̀ kalẹ̀
bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà tí wọn ò tíì fọ aṣọ wọn.
Ewúrẹ́ kan dúró lórí àpáta, ó ń jẹ páálí mílíìkì.
Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Ìwọ tó ní o ò rí nǹkan kan!

Má wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ sọ́nà jíjìn.
Má kọ "òṣùpá rẹwà" nítorí wọ́n ní akéwì máa ń kọ ọ́.
Lálẹ́ àná tí iná lọ, ṣé o wo òṣùpá ọ̀hún?
Ó fara ti Olúmọ bí arúgbó tó gun òkè tó ń sinmi.
Bóyá nǹkan mìíràn ni ìwọ rí. Òun ni kí o kọ.
Kọ bí odò Ògùn ṣe ń pọ́n lóṣù kẹsàn-án,
bí ó ṣe ń gbé bàtà ẹsẹ̀ kan kọjá lábẹ́ afárá,
kí o sì bi í léèrè ibi tí èkejì wà.

Jẹ́ n sọ tèmi fún ọ, má rẹ́rìn-ín.
Èmi náà ní ìwé nígbà tí mo tó ọ. Abẹ́ ẹní ni mo fi í sí.
Ewì ọkọ̀ ojú irin ló kún inú rẹ̀,
nítorí ilé wa ní Láfẹ́ńwá a máa gbọ̀n bó bá ń kọjá,
ife á máa bá ife sọ̀rọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé ilé jọ, ó tà á fún ìyá ẹlẹ́pà.
Lọ́jọ́ kẹta, mo ra ẹ̀pà sísun ní ìdíkọ̀ rélùwéè,
mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà rẹ̀ wò,
mo bá rí ìkọ̀wé ara mi:
*Irin ń bọ̀. Ilé ń bẹ̀rù. Màmá ò bẹ̀rù.*
Iyọ̀ ti bo ọ̀rọ̀ tó kù.
N ò kọ mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn rẹ̀, gàdàgbà.

Nígbà tó di Sátidé, o gbé ìwé wá.
Ìlà mẹ́rin péré. O ti fi rọ́bà pa á títí bébà fi lu:

    Ìyá àgbà ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.
    Mo ka ikọ́ náà. Ó di méje.
    Ó dákẹ́.
    Mo ń retí ìkẹjọ.

Tíṣà ni mí, bíírò pupa wà lápò mi.
Ọwọ́ mi ti ń lọ. O kò fi àmì sórí "ikọ́",
o kọ "lẹ́yìn" bí ẹni tí ajá ń lé.
Mo dá bíírò padà sápò.
Èmi pẹ̀lú gbọ́ ikọ́ yẹn lóru, Arínọlá.
Mo rò pé èmi nìkan ló jí.

Ewé mọ́kàndínlógójì ló kù.
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni o máa fi hàn mí.
Àwọn kan á burú. Jẹ́ kí wọ́n burú.
Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, ṣé gbogbo òdòdó rẹ̀ ló ń so?
Kọ ọ́ kí o tó sùn, kọ ọ́ kí omi tó hó,
kọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí ọ sí mi.
Bí o bá sì rí ìwé kejì lábẹ́ apá mi lọ́la,
má bi mí ta ni mo rà á fún.