Isu

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa ní Láfẹ́nwá,
ó là bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó dákẹ́.
Inú ihò yẹn ni mo ti ń jẹun ọ̀sán mi
láti kíláàsì kejì títí dé ìkẹrin.
Ìyá mi ló ń ta kẹrosíìnì.
Aṣọ mi, ìwé mi, irun mi,
títí kan gààrí inú ike mi, kẹrosíìnì ni.
Wọ́n sọ mí ní Sítóòfù.
“Sítóòfù, má dúró sínú oòrùn o,
kí gbogbo wa má baà jóná!”
Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?
Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bó bá rẹ́rìn-ín,
á dà bí ẹni pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́.

Ìgbà náà ni rélùwéè gbé bàbá Ṣíjúadé wá láti Làlúpọn.
Tíṣà ní kó dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀.
Ó ní, “Síjúadé.”
Kíláàsì dákẹ́ ná.
Kíkẹ́lọmọ ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu,
ẹ̀rín sì tú yàà bí àgbàdo tó já lápò.
Wọ́n ní kó pe iṣu. Ó ní isu.
Wọ́n ní kó pe ṣòkòtò, kó pe ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ń pè é lọ, ọmọ ọlọ́mọ,
ó rò pé ìdánwò ni,
pé bí òun bá yege, àwọn á jọ ṣeré.

Kò sí ìjókòó mìíràn àfi ẹ̀gbẹ́ mi.
Ó jókòó, ó fa imú.
Mo ti ń retí rẹ̀. Ó ní,
“O ń rùn bí àtùpà ìyá mi àgbà.”
Ó tún fa imú. “Ó dùn mọ́ mi.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jọ wà nínú ihò àpáta yẹn.
Á pín ẹ̀kuru rẹ̀ sí méjì,
èyí tó tóbi á bọ́ sọ́dọ̀ mi,
á ní ọwọ́ òun ni kò mọ bí a ti ń pín nǹkan.
Bí rélùwéè bá fọn fèrè lórí afárá,
á dákẹ́, á máa ka ọkọ̀ tó so kọ́ra wọn lórí ìka:
“Ọ̀kan nínú wọn á dé Làlúpọn lálẹ́ òní.”

Ọjọ́bọ̀ kan, lásìkò eré, Kíkẹ́lọmọ pè mí.
Kò pè mí ní Sítóòfù. Orúkọ mi ló pè.
Ẹ̀yin tí wọn kò gba orúkọ lọ́wọ́ yín rí,
ẹ kò lè mọ bó ṣe dùn tó.
Àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú agbo tẹ́ń-tẹ́ń.
“Ṣé lóòótọ́ lo lè sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀? Sọ ọ́ ká gbọ́.”

Mo sọ ọ́.
Mo ní, “Isu ti jinná, ẹ wọ sòkòtò, ẹ wá sí sọ́ọ̀sì.”
Mo sì fi ti àtùpà kún un,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú,
wọ́n sì di èmi náà mú.
Àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíì nínú àtẹ́lẹwọ́ mi:
ó gbóná, ó ń làágùn.

Ṣíjú wà lẹ́nu ihò, ó mú ike oúnjẹ dání.
Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín,
ó rò pé ohun ayọ̀ kan ló bá mi.
Lẹ́yìn náà ló rọra dé ike rẹ̀.
Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tán nílé: kí a ṣíjú wò ó.
Ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń wò. Mò ń fò.

Nígbà tí a wọlé ní táàmù kejì, wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ lọ.
Ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Èmi náà kò bèèrè.
Mo ti lẹ́gbẹ́, ẹni tó lẹ́gbẹ́ kì í ráyè.

Ìyá mi ti fi kẹrosíìnì sílẹ̀, gáàsì ló kù tí wọ́n ń rà.
Kíkẹ́lọmọ, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.
Nígbà mìíràn, bí mo bá ń bó iṣu ní ilé ìdáná,
tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́,
mo máa ń pè é ní isu,
lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.