Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Páálí rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi:
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kó tó béèrè iná.
Àdùnọlá fi ránṣẹ́ láti òkè òkun,
pé ojú màmá òun ti ń ṣe bàìbàì,
kí n máa sọ lẹ́tà di ràbàtà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, l'Ókè-Baálẹ̀,
iná ìjọba ti lọ láti àná.
Ó kù díẹ̀ kí n mọ ẹni tó pa tísà inú ìtàn,
ni nǹkan bá dákú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wọ sálúbàtà, ó di ṣọ́ọ̀bù Rábíù onígbàjámọ̀,
nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.
Ó yí páálí sókè sódò, ó rẹ́rìn-ín:
"Ìyá, ẹ wo èyí tó kéré bí ẹyin iná orí nísàlẹ̀ yìí.
Ìdajì wákàtí lóòjọ́ ni wọ́n fi ṣírò,
kí ẹ sì pa iná inú rẹ̀."

Ìdajì wákàtí!
Èmi tí àkùkọ ẹ̀yìnkùlé ń bá lórí ìwé.

Mi ò pe ẹni tó kọ páálí ní òpùrọ́.
Ó jọ pé kò tíì rí ìwé tó dùn ni.

Igba náírà. Mo jókòó láàárín irun tí wọ́n gé sílẹ̀,
mo ń ṣọ́ ọ: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún,
ìdá méjì.
Ta ló pa tísà?