Koríko Ilé Fáníyì

Ní Òkúdù ni mo pọ́n àdá.
Òjò ti bu omi fún Ìrójò mu yó,
koríko ti gòkè dé ìbàdí,
ó ń yọjú wo pálọ̀.
Fáníyì pè sí Iléṣà láti òkè òkun:
"Bàbá Lómọfẹ́, ẹ má jẹ́ ó di igbó o."
Mo ní igbó kì í gbàṣẹ lórí fóònù.

Ẹ̀rọ agékoríko tó fi ránṣẹ́
jẹ òkúta lọ́jọ́ kejì, eyín rẹ̀ ká.
Mo padà sí àdá.
Mo gé e ní Agẹmọ, ó hù.
Mo gé e ní oṣù Ògún, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀,
mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.
Èmi ló rẹ̀.

Ọwẹ́wẹ̀ dé, òjò tún ń ro ẹjọ́.
Lábẹ́ ọsàn tí bàbá Fáníyì gbìn
àparò kan ta pàrà, ó fò.
Ẹyin mẹ́fà, wọ́n ṣì gbóná.
Mo yí àdá padà,
mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, kò ju ẹní ọmọdé lọ.

Ó rí i nínú fọ́tò.
"Ṣé ẹ ò rí apá ibẹ̀ ni?"
Mo ní àlejò ló wà ńbẹ̀.
Ó dákẹ́ títí.
"Ọsàn yẹn, ṣé ó ṣì ń so?"

Ọ̀wàrà ti ń lọ báyìí.
Ìrì ń sẹ̀, koríko ò fi bẹ́ẹ̀ hù mọ́.
Àwọn ọmọ àparò ti lọ.
Mo lè gé ibẹ̀ wàyí.
Àdá wà lára ògiri. Mo bó ọsàn kan,
mo jókòó tì í.