Owó Tí Mo Fọ̀

Mo gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Bàbá Olúwatúyì ní Ìjọmu, ní Àkúrẹ́,
nínú ìwé orin Ìyé Àgbà, kí wọ́n má baà rún.
Òjò ti mú iná lọ láti ìdájí;
bàbá wọ́ tábìlì rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé,
ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó tún un nù,
ó ní, “Ọwọ́ tó jẹ dòdò kì í kan owó àtijọ́.”

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ka owó olówó ní bánkì.
Okùn ló fi so apá awò rẹ̀ tó dá.

Ó kọ́kọ́ mú ṣílè mẹ́wàá,
aláwọ̀ ewé, tí odò àti ọ̀pẹ wà lójú rẹ̀.
Kò tilẹ̀ wò ó. Ó gbé e sétí,
ó fi ìka ta á lẹ́ẹ̀kan.
“Owó tí kò rìnrìn àjò rí,” ó ní, “a máa dáhùn.”
Èyí dákẹ́ bí àkísà.
Ó gbé e sí imú.
“Ta ló fọ̀ ọ́?”

Mo wolẹ̀.
Èmi ni. Lálẹ́ àná, ní Oǹdó, ní Òkè-Àgùnlá,
nínú abọ́ búlúù tí a fi ń ṣan ìrẹsì,
ọṣẹ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìka pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
Bí ìdọ̀tí ọgọ́ta ọdún ti ń jáde ni inú mi ń dùn.
Mo sá a sórí àwo,
mo fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́.
Mo rò pé bí a ti ń múra lọ sọ́dọ̀ àgbà nìyẹn.

“O fi omi fọ odò,” ni bàbá wí. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀,
mo sì rí i: ojú ìṣẹ́po ṣì wà lágbedeméjì,
bí ipa ọ̀nà oko tí koríko ti bò.
“Ìdọ̀tí kì í purọ́,” ó ní.
“Ayọ́ọ̀nù ni òpùrọ́.”

Èkejì, n kò rí i fọ̀, nítorí èédú tán.
Ihò abẹ́rẹ́ méjì wà ní igun òsì, ìpẹtà yí wọn ká.
“Akọ̀wé oníkòkó kan ló gún un pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Ẹnìkan sì fi pẹ́nsùlù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀: mẹ́tàdínlógún.”
Mẹ́tàdínlógún kí ni? Àpò kòkó? Gbèsè? Ọjọ́ orí ọmọ?
Bàbá gbé èjìká sókè.
“Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní bi ọ́.
Yóò kàn yọ owó kúrò nítorí pẹ́nsùlù.”

Ó ń pa ìwé orin dé kí ó lè dá a padà fún mi
ni ẹ̀kẹta jábọ́.
N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.
Náírà kan ṣoṣo,
igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú bí abẹ,
kò sí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.
Bàbá gbé e sétí, ó ta á:
páá!
Ó jókòó. Ó tún un ta.

Àárín orin ìsìnkú ló wà.
Ìyé Àgbà tó ń fi kọ́bọ̀ mẹ́ta ná ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú,
ta ló fún un ní eléyìí, tí kò fi lè ná an?
Bàbá ka ẹgbẹ̀rún méjìlá lé mi lọ́wọ́ fún un,
mo gbà á,
mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n gbà á.

Ní gáréèjì, mo yọ ẹgbẹ̀rún kan nínú rẹ̀ fún awakọ̀ Oǹdó.
Ó gbé e sí oòrùn, ó yí i padà.
“Àǹtí, ẹ pààrọ̀ èyí. Teépù ti pọ̀ jù lára rẹ̀.”
Èrò mẹ́rin yíjú wò mí.
Mo gbà á, mo gbé e sétí,
mo fi ìka ta á.