Inú Àpótí Báàsì

Inú àpótí báàsì ni mo ti kọ́ oorun sísùn,
lẹ́yìn pátákó òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkótẹ̀dó,
aṣọ aró méjì nísàlẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì onífèrè kan lórí mi.
Bí ilẹ̀ bá ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn oníjó,
mo mọ̀ pé orin kẹta ni wọ́n dé,
mo mọ̀ pé ìyá mi ti bọ́ bàtà.

Kì í wọ bàtà kọrin.
Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni ohùn máa ń gbà wọlé.

Kó tó di Sísì Féli tí wọ́n ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri Gbági,
Felíṣíà ọmọ Láṣebìkan ni, ọmọ káfíńtà Ìsàlẹ̀ Òṣì,
tó jókòó nílé tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀,
tó ń fi wáyà so Ìbàdàn mọ́ Èkó, tó ń so Èkó mọ́ Kánò:
"Nọ́ńbà wo lẹ ń fẹ́, ọ̀gá?"
Délúmọ̀ olórí onífèrè ní òun ń fẹ́ Ẹbúté Mẹ́ta.
Ó gbọ́ ohùn náà, ó gbàgbé nọ́ńbà.
Ó tún pè, ó tún gbàgbé.
Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí mọ́ ẹnikẹ́ni."

Bàbá àgbà fárígá:
"Ọmọ tí mo rán nílé ìwé àwọn sísítà,
òun ni yóò máa dúró láàárín ọkùnrin mẹ́rìnlá?"
Ìyá àgbà kò fọhùn. Ó rán kaba aláwọ̀ ewé fún un lóru,
ó fi abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ létí aṣọ.
Bóyá ó gbàgbé ni. Bóyá kò gbàgbé.
Bàbá àgbà kò wá gbọ́ ọ rí,
àmọ́ lọ́jọ́ tí ìdérí àpótí báàsì fọ́, òun ló tún un ṣe,
ó dá ihò mẹ́ta sí i kí n lè máa mí,
kò gba kọ́bọ̀.

Ọkùnrin mẹ́rìnlá! Ńnàjì tó ń fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì,
Kwésí onígìtá tó ń fi èdè Gánà bá gìtá jà,
Sàláù tó ń já báàsì, onílé mi.
Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá mi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé.

Lálẹ́ Sátidé, akọ̀wé ìjọba á wá pẹ̀lú táì,
àwọn ọmọ Yunifásítì á kó ara wọn mẹ́jọ sínú ọkọ̀ kan,
àwọn oníkòkó á máa náwó bí ẹni tí òjò owó rọ̀ sóko rẹ̀.
Ìyá mi á gbójú sókè wo àjà,
á fa ọ̀rọ̀ kan, fèrè mẹ́fà á dúró dè é.
Ẹni tó ń pe ọtí á panu mọ́.
Ẹni tó fẹ́ bá aya rẹ̀ jà á sún ìjà náà di ilé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbé e sínú àwo.
Orúkọ Délúmọ̀ rí gàdàgbà láàárín,
lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tó kéré bí èèrà:
"pẹ̀lú ohùn obìnrin."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin wo nìyẹn o?"
A kò gbọ́ àwo náà nílé wa mọ́.

Lọ́dún tí ìlú dàrú, Ńnàjì kanlẹ̀kùn ní ìdájí,
kọ̀nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú àpò ìrẹsì.
Ó yọ ẹnu rẹ̀ fún mi: "Bá mi tọ́jú ẹ̀."
Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Fèrè mẹ́fà di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì.
Wọ́n ta àpótí báàsì tòun ti ihò mẹ́ta rẹ̀,
òtẹ́ẹ̀lì di ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì,
ìyá mi padà sí Dùgbẹ̀, sídìí wáyà,
títí ẹ̀rọ fi kọ́ bí yóò ṣe máa so ara rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lóru.
Mo gbọ́ tí ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, gbé fóònù,
tó ní, "Ta lẹ ń wá, ọ̀gá?"
Ẹni náà kò fèsì. Kò sì gé e.
Mo yọjú láti ẹnu ọ̀nà.
Ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan ti sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.