Òṣùwọ̀n Ọjọ́rú

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi.
A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí kọ́bọ̀ ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́.
Ìwé gbèsè rẹ̀ ni mo jogún. Ojú ewé tí kò rí kọ sí
ni mo fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ
ní Ìjòkà, nílé ìwòsàn kékeré
tí òṣùwọ̀n ti so rọ̀ lára igi àjà
bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n tí kò já.

Kí aago méje tó lù lọ́jọ́ Ọjọ́rú, bẹ́ǹṣì ti kún.
“Ẹ tú u sí ìhòhò,” ni mo máa ń wí,
“aṣọ a máa purọ́ fún òṣùwọ̀n.”

Mofiyìn kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún.
Ó di ọmọ mú bí ẹni tí wọ́n fi àwo olówó ńlá rán
sílé tí kò mọ̀, tó ń wá ẹni tí yóò gbà á.
Mo bi í ní orúkọ bàbá. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo fa ìlà síbẹ̀. Ìlà náà gùn.
Mo ní, “Kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀.”
Ó ní, “Ó mà ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ!”
ó ń fò sókè, bí ẹni tí wọ́n ka èsì ìdánwò rẹ̀.

Ojúọlápé ti lé ní àádọ́rin, ó tún ń pọn ọmọ.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fọ abọ́ fún wọn ní Ómánì;
inú fóònù ló ti ń rí ọmọ tó bí, lálẹ́ Sátidé.
Ọmọ a máa fi ahọ́n lá ojú gíláàsì náà.
“Ó mọ̀ pé ìyá òun nìyẹn,” ni Ojúọlápé wí.
“Ṣùgbọ́n èmi ló ń pè ní màmá.
N kì í dáhùn níṣojú fóònù.”

Ìyàwó Tíṣà ló kẹ́yìn.
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wá èyí tó gbé dání,
gbogbo Ìfòfín ló bá a gbààwẹ̀.
Ó jókòó, wàrà ń rin bùláòsì rẹ̀, kò bìkítà.
Ó ní, “Àǹtí, ayọ̀ tí wọ́n ní mo ní yẹn, mi ò rí i.
Bó bá ti ń ké, mo máa ń da omi sí garawa,
kí ariwo omi lè borí ẹkún rẹ̀.”
Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ṣé àwọn tó bá a gbààwẹ̀?
Mo ti fèrèsé. Mo gba ọmọ.
N kò wá òwe kankan fún un.
Mo lóṣòó tì í bíi bàbá àgbà mi,
àmọ́ n kò bèèrè nǹkan kan,
títí òòrùn fi kúrò lára ògiri.
Àwọn tó wà níta ń kùn. Ẹ máa kùn.

Ìyá Rántíọlá ló bá mi ká ìtẹ́dìí.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá;
bẹ́ẹ̀, kò pa Ọjọ́rú kan jẹ.
Ìyá Rántíọlá náà la ṣì ń pè é.
Ó ń jẹ́ ẹ.

Bí wọ́n bá lọ tán, mo máa ń wò ó
bóyá abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ti padà sí òdo.
Ojú ewé kan wà nínú ìwé náà tí n kò kọ nǹkan sí.
Oṣù karùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì.
Wọn ò tíì tó ohun tí à ń wọ̀n.

Bàbá àgbà kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún onígbèsè kankan.
Èmi kàn ni n kò mọ
ẹnu ọ̀nà ẹni tí mo lè lóṣòó sí.