Bó Bá Kú, Ó Yè

Ogójì ọdún ni mo fi ń ra obì ní Ṣàgámù.
Mo lè gbé ẹyọ kan lé àtẹ́lẹwọ́,
kí n ti ara ìwúwo rẹ̀ mọ̀ pé kòkòrò ti wọlé.
Èèpo a máa dán. Èèpo kì í jẹ́rìí.

Àmọ́ ta ló ń gbé mọ́tò lé àtẹ́lẹwọ́ wò?

Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì,
ó ba sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku.
Ọmọ Ṣówèmímọ́ ní Ìpẹru ló tà á fún mi,
ó ní òun ń lọ Kánádà,
òun ò sì lè ká a sínú àpótí.
Mo ka owó fún un lójú Ṣìdíkátù.
Ṣìdíkátù ò bínú.
Ó kàn wo ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àpò obì kan ò lè gbà sí,
ó ní, "Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jayé.
Lọ́jọ́ Ẹtì, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Òde Rẹmọ,
mo tẹ iná sí i. Ẹ́ńjìnì han gooro, abẹ́rẹ́ sáré gòkè,
ọkọ̀ ò sáré.
Ariwo lọ, ara dúró.
Tírélà tó ru sìmẹ́ńtì rọra kọjá lára mi,
ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.
Lẹ́yìn náà ni òórùn náà dé,
bí ìgbà tí wọ́n bá ń wi orí àgbò lọ́jọ́ kejì Iléyá.

N ò sùn mọ́jú.
Àpò obì mélòó ni kílọ́ọ̀ṣì kan?

Odùṣọlú ni wọ́n ní kí n lọ bá, lọ́nà Mákùn,
ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
èékánná rẹ̀ dúdú bí kóró isin.
Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò dárúkọ owó.
Ó ní, "Bàbá, ẹ fa búréèkì ọwọ́. Ẹ fi sí jíà kẹta.
Ẹ wá rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.
Bó bá kú, ó yè.
Bí kò bá kú, ó ti kú."

Èmi tí mo na gbogbo owó yẹn,
mo jókòó, mo ń bẹ ẹ́ńjìnì kó kú.
Kú, jọ̀ọ́. Kú fún mi.
Mo gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.
Ó gbọ̀n. Ó wúkọ́.
Ó mí lẹ́ẹ̀kan,
ó tún mí lẹ́ẹ̀kejì
kó tó kú.

Odùṣọlú gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Ó yẹ kó ti kú ṣáájú ìyẹn.
Ó ṣì kù díẹ̀ lára rẹ̀.
Bẹ́ ẹ bá ń wà á bí àgbà, ó lè rí Iléyá tó ń bọ̀.
Bẹ́ ẹ bá ń wà á bí ẹni tó rà á,
lóṣù tó ń bọ̀ a ó jọ sọ jíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀ níbí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ Ṣówèmímọ́ ṣépè.
Odùṣọlú ò dá sí i. Bàtà mi ló ń wò,
bàtà òsì, tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ.
"Bàbá, orí ọkọ̀ wo lẹ ti kọ́ mọ́tò?"
Lórí Bẹ́fọ́ọ̀dù tó ń kó obì lọ Kánò,
nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mi kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì
láti Ṣàgámù títí dé Jẹ́bà.

Mo dákẹ́.
N ò mọ èyí tí ọmọ yẹn jẹ níbẹ̀, n ò mọ èyí tí mo jẹ.
Kòkòrò inú obì kì í fi orúkọ sílẹ̀.

Mo wà á relé bí ẹni tó gbé ẹyin.
Tí mo bá ti pààrọ̀ jíà tán, mo ń gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò,
mo ń gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
ó ń wò suu bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.
Ṣìdíkátù ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"
Mo ní rárá,
ó ń kọ́ṣẹ́ ni.